Dókítà Ògúntọ́lá Sapara: Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wọ awo Ṣọ̀pọ̀nná kó lè mọ ìdí tí ìgbóná fi ń pa wá

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí ẹ bá ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà nílé, tó jẹ́ pé wọ́n ti bí wọn tipẹ́ ṣáájú ọdún 1970, ẹ bá wa yẹ òkè apá wọn wò. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àpá roboto kan níbẹ̀ tó jinnú díẹ̀. Bupá ni àwọn àgbà ń pè é. Àmì abẹ́rẹ́ àjẹsára tó lé àrùn ìgbóná lọ ni. Àwọn ọmọ tí a ń bí lónìí kò ní in mọ́, nítorí pé àrùn náà fúnra rẹ̀ kò sí mọ́ lórí ilẹ̀ ayé.

Ṣùgbọ́n kí bupá tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń gbà, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan sá wọ igbó. Àwọn kan gbé ọmọ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá gbà á ń wá ìjà ọba ni. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ dìde sí ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ tiwa kan wà níbẹ̀, Dókítà Ògúntọ́lá Sapara. Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ fún yín lónìí, torí pé ohun tó bá pàdé nígbà yẹn, a ṣì ń bá a pàdé lórí fóònù wa láràárọ̀.

Ọmọ Sàró, ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ọdún 1861 ni wọ́n bí i, ọdún yẹn gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì sọ Èkó di ìlú abẹ́ àkóso wọn. Kì í ṣe Èkó ni wọ́n ti bí i o, ìlú Freetown ni, ní ilẹ̀ Sierra Leone tí àwọn èèyàn wa ń pè ní Sàró. Ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá sì ni ìyá rẹ̀. Bàbá yìí wà lára àwọn tí ogun kó lẹ́rú, tí wọ́n wá rí ìdáǹdè gbà, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Freetown. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ Sàró, orúkọ Òyìnbó ni wọ́n fún ọmọ náà. Alexander Johnson Williams ni wọ́n ń pè é.

Ìdílé tó mọ ìwé ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Christopher, ni agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Ọdún 1879 ni wọ́n gbà á sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ìlú London, òun náà ni ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Sapara Williams. Ẹ̀gbọ́n di olóòfin, àbúrò di oníṣègùn. Ẹ ò rí i pé ìyá náà bímọ.

Ọdún 1876 ni ẹbí náà kó wá sí Èkó. Ọmọkùnrin náà lọ sí CMS Grammar School, ilé ẹ̀kọ́ gíga àkọ́kọ́ ní Èkó. Nígbà tó jáde, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ lọ kọ́. Ẹ fi ọkàn sí ibí yìí dáadáa. Ẹni tí yóò di dókítà yìí ti kọ́kọ́ dúró nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó mọ bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà, ó mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń di ohun tí ẹgbẹ̀rún èèyàn máa kà. Nígbà tó yá, ó fi ìyẹn sílẹ̀, ó lọ di olùrànlọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba l'Ékòó. Ibẹ̀ ló ti rí àìsàn lójúkojú, ibẹ̀ sì ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí iṣẹ́ ìṣègùn.

Ó gba ìlú Òyìnbó lọ, ó bá wọn ṣe àríyànjiyàn lọ́hùn-ún

Ó rìnrìn àjò lọ sí ìlú London, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwòsàn St Thomas, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní Skọ́tíláǹdì ní ọdún 1895. Láàárín ìgbà yẹn náà ló bọ́ orúkọ Williams sílẹ̀.  Ògúntọ́lá Sapara ló wá ń jẹ́ láti ìgbà náà títí tó fi kú.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí nípa àsìkò tó fi wà lọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn máa ń rò pé aláwọ̀ dúdú nìkan ló máa ń sá fún abẹ́rẹ́. Irọ́ ni. Nígbà tí Sapara ń kẹ́kọ̀ọ́, ìlú Òyìnbó ń gbóná lórí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná. Láti ọdún 1853 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ọmọ ọwọ́ lọ́hùn-ún. Òbí tó bá kọ̀, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e, wọ́n tilẹ̀ ń jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn èèyàn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti bá a jà, wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn tiwọn, wọ́n ń pín ìwé pélébé kiri. Ní oṣù March ọdún 1885, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tú síta ní ìlú Leicester láti fi ẹ̀hónú hàn. Kódà, tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 1802, ayàwòrán kan ti yà á pé orí màlúù ń hù lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà, torí pé ara àrùn màlúù ni Dókítà Edward Jenner ti rí àjẹsára yìí ní ọdún 1796. Àwòrán yẹn ta bí àkàrà.

Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí rẹ̀ láti ọdún 1889 sí 1896. Ní ọdún 1898, wọ́n yí òfin padà, wọ́n ní òbí tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á lè kọ̀. Ìlú tí Sapara ti kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Nígbà tó ń padà bọ̀ wálé, ó ti rí i pé ọ̀tọ̀ ni kéèyàn ní oògùn tó dára lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ ni kí àwọn èèyàn gbà á. Oògùn lè wà nínú ìgò, kí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìlú má sì jẹ́ kó dé ara ẹnikẹ́ni.

Dókítà ìjọba tí wọn kò ka sí ẹgbẹ́ Òyìnbó

Ní ọdún 1896, ìjọba Èkó gbà á síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà ìjọba. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ìwé kan náà ni òun àti àwọn dókítà Òyìnbó kà, síbẹ̀ owó oṣù wọn kò dọ́gba. Ní ọdún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da gbogbo dókítà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀ sí ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì sọ pé ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kì í bá ṣe Òyìnbó kò lè wọ ibẹ̀. Àwọn bíi Sapara wà lọ́tọ̀, ní ipò ìsàlẹ̀, tí ọmọ Òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò máa pàṣẹ fún wọn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láàárín ọ̀nà méjì. Lójú Òyìnbó, adúláwọ̀ ni. Lójú àwọn ará ìlú, ẹni ìjọba ni. Bí ẹni ìjọba bá sì kan ilẹ̀kùn ní Èkó ayé ìgbà yẹn, tó ní òun fẹ́ fi irin ha apá ọmọ, kí ni ìyá ọmọ máa rò? Ìjọba tó ń gbowó orí, tó ń gba ilẹ̀, ìjọba yẹn náà ló wá ń bá wọn tọ́jú ọmọ wọn? Ìfura bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìgbóná, àrùn tí wọn kì í pe orúkọ rẹ̀

Ká tó lọ síwájú, ó yẹ ká rán ara wa létí ohun tí ìgbóná jẹ́. Ibà líle ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ara á máa gbóná bí iná, lẹ́yìn náà ni ilé á máa yọ jáde lójú, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, á kún fún ọyún, á sì di èépá. Nínú èèyàn 10 tí irú èyí tó le jù bá mú, nǹkan bí 3 ló ń kú. Ẹni tí kò bá kú, ojú rẹ̀ á kún fún àpá títí ayé, àwọn mìíràn á fọ́jú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń jà jù.

Àwọn baba wa kò mọ̀ nípa kòkòrò tí ojú kò lè rí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé òòṣà ńlá kan ló ni àrùn náà, Ṣọ̀pọ̀nná, Ọbalúayé. Ẹ̀rù rẹ̀ bà wọ́n débi pé wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀gbígbóná. Wọ́n máa ń kìlọ̀ fọ́mọdé kó má máa rìn kiri lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ìgbóná bá wọ ìlú, ìlù á dákẹ́.

Èyí tó wuwo jù nínú rẹ̀ ni ti òkú. Ẹni tí ìgbóná bá pa, wọn kì í sunkún rẹ̀. Ọba ló mú un lọ, ta ni yóò bá ọba jà? Ṣe ni àwọn ẹbí á máa dúpẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki òòṣà náà ní Alápadúpẹ́, ẹni tó pa èèyàn tí a tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀nná nìkan ló lè sin òkú náà, àwọn náà ló sì máa ń kó ẹrù òkú lọ, aṣọ, ẹní, àti ohun tó bá níye lórí. Ẹbí tó bá ṣagídí, ẹ̀rù á máa bà wọ́n pé ọba á padà wá.

Ẹ jẹ́ ká má fi ojú yẹpẹrẹ wo àwọn baba wa. Nínú àwọn èèwọ̀ yìí, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ìlú tí kò lùlù, tí kò ṣe àríyá, èrò kò ní pọ̀ níbẹ̀ láti kó àrùn ran ara wọn. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà ló di ìdènà fún bupá. Bí àrùn bá jẹ́ iṣẹ́ ọba, ẹni tó bá ń wá ọ̀nà láti má ṣàìsàn ń bá ọba díje nìyẹn. Ìyá kan lè fẹ́ kí ọmọ òun gbà á, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ ṣe é ní agboolé? Bí àjàkálẹ̀ bá dé lọ́jọ́ kejì, òun ni wọ́n á nàka sí, wọ́n á ní òun ló bí ọba nínú. Torí náà, oníkálukú ń wo aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà ń wo òun.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀bi abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Láti ìlú Òyìnbó ni omi àjẹsára ti ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Oòrùn àti ìrìn àjò gígùn máa ń bà á jẹ́. Kí ó tó dé apá ọmọ, agbára rẹ̀ ti lọ. Wọ́n á ha apá ọmọ, ọmọ á sunkún, ojú ọgbẹ́ á sì jinná láìṣe nǹkan kan. Nígbà tí ìgbóná bá dé, tó bá mú ọmọ náà, ta ni yóò tún gba dókítà gbọ́ ní gbogbo àdúgbò yẹn? Ọmọ kan péré tí àjẹsára kò mú lára lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn pátá ni wọ́n wá ń ṣe àjẹsára ìgbóná nílé, ní Yaba l'Ékòó.

Ó wọ inú awo

Ní nǹkan bí ọdún 1897, Sapara rí i pé ohun tí òun ń ṣe kò tó. Ìgbóná ń jà, àwọn èèyàn kò gba bupá, ọ̀rọ̀ sì ń lọ lábẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe òòṣà nìkan ló ń pa èèyàn, pé ọwọ́ àwọn kan wà nínú bó ṣe ń ràn. Òyìnbó kò lè mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bí Òyìnbó bá béèrè, ẹ̀rín ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Sapara mọ èdè, ó mọ àṣà. Ó ṣe ohun tí dókítà mìíràn kò ṣe. Ó wọ ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀nná, láì jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí òun jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí awo jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá á mọ̀ pé eré kọ́ lèyí. Awo kì í fojú rere wo ẹni tó bá tú u. Bí wọ́n bá mọ̀ pé dókítà ìjọba ni, ẹ̀mí rẹ̀ lè lọ sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ibi tí ìgbóná fúnra rẹ̀ wà ló ń lọ.

Ohun tó sọ pé òun rí níbẹ̀ rèé. Ó ní àwọn àwòrò kan máa ń fá èépá ara ẹni tí ìgbóná mú, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì lò ó láti kó àrùn náà ran àwọn ẹlòmíràn. Èyí bá ìmọ̀ ìṣègùn mu, torí pé kòkòrò ìgbóná máa ń wà láàyè nínú èépá. Aṣọ àti ẹní òkú tí wọ́n ń kó lọ náà lè gbé àrùn kiri. Bí àrùn bá ti wá mú èèyàn, àwọn kan náà ni wọ́n á pè láti wá ṣètùtù, bó bá sì kú, àwọn náà ni yóò kó ẹrù rẹ̀. Sapara kó gbogbo ohun tó rí jọ, ó fi tó ìjọba létí. Lórí ohun tó sọ, ìjọba fi òfin de bíbọ Ṣọ̀pọ̀nná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

A gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe yẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń bọ Ọbalúayé ló ń ṣe iṣẹ́ ibi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bẹ òòṣà kó dáwọ́ ikú dúró ni. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan tún sọ pé ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú èépá tí wọ́n ń lò jẹ́ ọ̀nà àjẹsára àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, ní Íńdíà àti ní ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ti máa ń mú díẹ̀ nínú ọyún ìgbóná, wọ́n á fi sí ara ẹni tó lára le, kó lè ṣàìsàn díẹ̀, kó sì bọ́ lọ́wọ́ èyí tó le. Ewu wà nínú rẹ̀, torí pé ẹni tí wọ́n fi sí lára lè kó o ran aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn èèyàn wa kò ṣàì mọ nǹkan nípa àjẹsára kí Òyìnbó tó dé.

Ọ̀rọ̀ òfin náà ní ojú méjì. Ó gba agbára lọ́wọ́ àwọn tó ń fi àrùn jẹun. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú ọkàn èèyàn. Àwọn tó ń bọ òòṣà náà wọ abẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tí kò fẹ́ bupá kò sì torí òfin fẹ́ ẹ. Òòṣà náà fúnra rẹ̀ kò parun. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ti gbé e rékọjá òkun. Ní Cuba, Babalú Ayé ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù December. Ní Brazil, Omolu àti Obaluaiê ni. Lọ́hùn-ún, bàbá tó ń wo àìsàn sàn ni wọ́n kà á sí.

Iṣẹ́ rẹ̀ yòókù

Ẹni tó bá rò pé Sapara kórìíra ìṣègùn ìbílẹ̀ ti ṣi í gbọ́. Ó fẹ́ràn ewé àti egbò. Ó ń kó wọn jọ, ó ń ṣe ìwádìí lórí wọn, ó ń bá àwọn onísègùn sọ̀rọ̀. Ohun tó bá jà ni ìbẹ̀rù tí wọ́n fi ń kó èèyàn nífà. Kò bá ewé jà.

Ó tún jà fún ìmọ́tótó Èkó. Ó rí i pé àwọn ilé tó há gádígádí mọ́ra wọn, tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, ń fa ikọ́ ife. Ó sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ìyá àti ọmọ ṣe ń kú nígbà ìbímọ, ó sì fẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn agbẹ̀bí níṣẹ́. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀nà kan náà ló ń lò. Ó máa ń lọ sí ibi tí àwọn èèyàn wà, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kó tó sọ tirẹ̀.

Ìjọba fún un ní oyè fún iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ di ọ̀gá láàárín àwọn Òyìnbó. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1928, lẹ́yìn ọdún 32 nínú iṣẹ́. Ó kú ní ọdún 1935. Ìgbóná ṣì ń pa èèyàn ní Nàìjíríà lọ́jọ́ tó kú.

Bí ìgbóná ṣe tán nílẹ̀

Kò rí òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n òpin náà dé. Ní ọdún 1966, Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu pé àwọn á lé ìgbóná kúrò láyé. Ní ìparí ọdún yẹn, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ogoja, ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Àjẹsára tó wà nílẹ̀ kò tó gbogbo èèyàn. Dókítà ọmọ Amẹ́ríkà kan, William Foege, wá lo ọgbọ́n kan tí inú wa ní ilé iṣẹ́ rédíò yìí máa ń dùn láti sọ. Àwọn míṣánnárì agbègbè náà ní rédíò tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lálaalẹ́. Lórí rédíò náà ló ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rán àwọn òjíṣẹ́ lọ sí gbogbo abúlé, kí wọ́n wá sọ ibi tí àrùn náà wà. Nígbà tí ìròyìn dé, wọ́n lọ fún àwọn tó yí ẹni tó ń ṣàìsàn ká ní abẹ́rẹ́. Àrùn náà kò rí ibi gbà mọ́, ó kú. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n lò káàkiri ayé nígbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1967, ní Abakaliki, ìgbóná tún bẹ́ sílẹ̀, ó mú èèyàn 32. Ọmọ ìjọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, àyàfi méjì. Ìjọ yẹn kò gba abẹ́rẹ́, àdúrà nìkan ni wọ́n gbà. Àwọn tó yí wọn ká tí wọ́n ti gba bupá, àrùn náà kọjá lára wọn. Ìgbàgbọ́ ìjọ kan, àṣà ẹgbẹ́ kan, ohun tó pín wọn sí ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Oṣù May ọdún 1970 ni wọ́n rí ìgbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 8 oṣù May ọdún 1980, wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé pé ó ti tán.

Awo tòní, orí fóònù ló wà

Kí ló kàn wá nínú ìtàn Sapara? Ẹ jẹ́ ká wo ọdún 2003. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè Ọya, Kánò ló ṣíwájú, dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀ nínú mọ́sálásí, lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn pé ó ń sọ obìnrin di àgàn. Ìfura náà kò ṣàì ní ìdí. Ní ọdún 1996, wọ́n ti dán oògùn kan wò lára àwọn ọmọdé ní Kánò, inú àwọn òbí kò sì tíì rọ̀ lórí rẹ̀. Kí wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ náà, rọpárọsẹ̀ ti ti ibẹ̀ kọjá dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó tún un ṣe kì í ṣe ọlọ́pàá. Àwọn ọba àti àwọn àáfà ni wọ́n jókòó lé e, Kánò sì gba àjẹsára tó wá láti Indonéṣíà, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Nígbà tí àwọn èèyàn rí i pé àwọn olórí wọn gbà á, àyà wọn balẹ̀. Ní oṣù August ọdún 2020, wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà, èyí tó jẹ́ ti kòkòrò inú igbó.

Ní oṣù October ọdún 2017, ìròyìn kan gbòde lórí WhatsApp ní apá gúúsù ìlà-oòrùn pé àwọn sójà ń wọ ilé ẹ̀kọ́ láti fi abẹ́rẹ́ kó àrùn ran ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n àwọn òbí sáré dé ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń fa ọmọ yọ lójú fèrèsé. Ní oṣù October ọdún 2023, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ọ̀rọ̀ àgàn yẹn náà ló tún jáde. Aṣọ tuntun ni, irọ́ àtijọ́ ni.

Ẹ ò rí i pé ó jọ ti ayé Sapara? Nígbà yẹn, bí èèyàn bá fẹ́ gba bupá, ojú aládùúgbò ló ń wò. Lónìí, ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ọjà ló ń wò. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń pín ohùn kan tí ẹnì kan tí a kò mọ̀ ń sọ pé abẹ́rẹ́ ń pa èèyàn, ìyá tó fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ á dákẹ́. Á rò pé òun nìkan lòun fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣeé ṣe kí ìdajì ẹgbẹ́ náà ti mú ọmọ tiwọn lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́, kó sọ ọ́ sínú ẹgbẹ́. Kó ní ọmọ òun gbà á, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì dìde láàárọ̀, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn lágbára ju ìkéde ìjọba mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bi í léèrè ohun tó gbọ́ àti ẹni tó sọ fún un. Àwọn olórí ìjọ, àwọn àáfà, àwọn ìyálọ́jà, ojú yín ni àwọn èèyàn ń wò. Ilé iṣẹ́ rédíò náà kò gbẹ́yìn. Tí a bá gbé irọ́ sáfẹ́fẹ́ láàárọ̀, àtúnṣe tí a bá ṣe lálẹ́ kì í dé gbogbo ibi tí irọ́ náà dé.

Bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá ti dé ní àdúgbò yín, ẹ mú káàdì ọmọ dání, ẹ lọ sí ibùdó ìlera tó wà nítòsí. Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ bi nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lójúkojú, kó dá yín lóhùn kẹ́ ẹ tó na apá ọmọ. Ẹ̀tọ́ yín ni. Sapara fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu kó lè mọ òótọ́ tó wà nídìí àrùn kan. Àwa tí òótọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹ jẹ́ ká béèrè rẹ̀.